Ọjọ́ tí Akápò àti Mátírónì Jókòó sí Tábìlì Kan Náà

Fún ọdún mélòó kan, ₦300,750 ni owó tó ń ti Àbújá wọ àpò ilé ìlera wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, nígbà tó bá dé. Ẹ pín in sí ọjọ́ 91: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ₦3,305 lójúmọ́. Inú rẹ̀ ni oògùn ti ń jáde, àti ọṣẹ, àti epo jẹnẹrétọ̀, àti owó ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé lóru, àti àtúnṣe páìpù tó ń jò. Ilé ìlera nìkan kọ́ ló sì ń ná an. Nọ́ọ̀sì àgbà tó mọ aláìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ètò ìnáwó, alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù tó dúró fún ìlú náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan bá kọ̀, owó dúró sí báńkì.

Ọjọ́ ìpàdé oṣù mẹ́ta ní Másífà, lẹ́bàá Èjìgbò, ni a tò sílẹ̀ yìí, wákàtí sí wákàtí. A tò ó láti inú ìlànà owó náà àti bí iṣẹ́ agbẹ̀bí ṣe ń lọ. Ọjọ́ ẹnì kan pàtó kọ́, nítorí náà ipò ni a fi ń pe olúkúlùkù.

Aago méje àárọ̀

Mátírónì kò tíì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ tó fi ṣí fíríìjì. Ó yọ tẹmómítà jáde, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà díẹ̀. Mọ́kànlá. Ó yẹ kó wà láàárín méjì sí mẹ́jọ.

"Ìgbà wo ló kú?" ló bi nọ́ọ̀sì tó ṣe iṣẹ́ òru.

"Ó tó aago mẹ́ta, mà. Bátìrì sólà náà ni. Kì í gbé e mọ́jú mọ́."

Oxytocin wà nínú fíríìjì yẹn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún obìnrin gbàrà tí ọmọ bá jáde ni, kí ilé-ọmọ lè sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Èyí tí ooru ti bà jẹ́ kì í yí àwọ̀ padà, kì í rùn, kì í dì. Ẹ lè gbé e sójú oòrùn kí ẹ wò ó títí, bí omi mímọ́ ló ṣe máa rí. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn tí kò sì dá ni a ó mọ̀ pé oògùn ti kú.

Mátírónì kọ 11 sínú ìwé ìgbóná-òun-òtútù tó so mọ́ ara fíríìjì. Ó kó àwọn abẹ́rẹ́ mẹ́rin tó kù sínú kúlà àjẹsára, ó to yìnyín yí wọn ká. Tí ẹ bá tú ìwé náà wò sẹ́yìn, ẹ ó rí 10, ẹ ó rí 12, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ "a dà wọ́n nù" sí. Ìwé yẹn kò tíì kúrò lára fíríìjì rí.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀

Àwọn aláboyún ti kún bẹ́ǹṣì. Bí ẹ bá mọ Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká, ẹ mọ̀ pé kò sí agbo tí ẹ ó wọ̀ tí ẹ kò ní bá ẹni tí Abidjan ti dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kọ́lé sílé, wọ́n ń bímọ lọ́hùn-ún. Obìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ kẹrin ló wà nínú rẹ̀, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó ti wálé. Ìwé ìtọ́jú rẹ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ọmọbìnrin tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wo ìwé náà, ó ya ẹnu. "Mà, wọ́n ní ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ méjìlá lórí mẹ́jọ!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Mátírónì dáhùn. "Báwọn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin ni lọ́dọ̀ tiwa. Kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà bẹ́ẹ̀. Wo ojú ewé kejì."

Ojú ewé kejì ló lọ́rọ̀ nínú. Ẹ̀jẹ̀ ya obìnrin náà nígbà tó bí ọmọ kẹta. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun láti òru. Mátírónì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó má lọ jìnnà, kó jókòó sílé ìyá rẹ̀ nítòsí, kí wọ́n wá sáré pe òun bí ó bá ti lágbára. Ó fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà.

Aago mẹ́wàá

Akápò ìgbìmọ̀ dé lórí ọ̀kadà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Tíṣà náà ni gbogbo ìlú sì ń pè é. Ìwé owó rẹ̀ wà nínú báàgì onírọ́bà kí òjò má baà pa á. Ó kí wọn, wọ́n kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé ìbímọ. Ó jókòó, ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ó tó ìṣẹ́jú ogójì kó tó sọ̀rọ̀.

"Mátírónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo nǹkan. Ọgbọ̀n abẹ́rẹ́ oxytocin la ra. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wọ́n bí. Mélòó ló kù nílẹ̀?"

"Mẹ́rin, sà."

"Níbo ni méjìlá yòókù wà?"

Yàrá dákẹ́. Ọmọbìnrin tó ń wọn ìfúnpá gbé ojú rẹ̀ sá. Gbogbo wọn mọ ohun tí àwọn kan ń sọ láàárín ìlú, pé wọ́n ń ta oògùn ìjọba lẹ́yìn ilé.

Inú Mátírónì ru. Ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ yìí ní ìlú mẹ́ta kí òun tó dé Másífà, ẹnikẹ́ni kò pe òun lólè rí. Akápò ní òun kò pe ẹnikẹ́ni lólè, iye ni òun ń bèèrè. Ó ní òun ni ìlú máa dì mú bí ìwé kò bá ṣe déédéé.

Mátírónì dìde, ó lọ tú ìwé ara fíríìjì, ó mú un wá, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí tábìlì kan.

"Ìyá méjì ni ẹ̀jẹ̀ ya. Mo lo méjì-méjì kún tẹni kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nìyẹn. Mẹ́jọ tó kù, ẹ wò wọ́n níbí." Ó fi ìka tọ́ka sí déètì. "Ọjọ́ yìí, 12. A da mẹ́ta nù. Ọjọ́ yìí, 13. A da márùn-ún nù. Tíṣà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ bátìrì sínú ohun tí mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fa igi lé e lórí, ẹ ní owó rẹ̀ pọ̀ jù."

Akápò wo déètì. Ó wo ìwé owó rẹ̀. Ó rí i pé ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí òun fagi lé bátìrì ni wọ́n da mẹ́ta àkọ́kọ́ nù, tí wọ́n sì tún lọ ra òmíràn. Owó tó rò pé òun fi pamọ́ ti gba ẹ̀yìn fíríìjì jáde.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Kò sí ẹlẹ́bi nínú àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níṣẹ́ ló yàtọ̀. Wọ́n kọ́ Mátírónì pé ẹni tó wà níwájú rẹ ni kó o wò, kí o má wo iye tó ń ná ọ. Wọ́n kọ́ akápò pé owó tí kò ní rìsíìtì, owó tó sọnù ni. Kò sí ẹni tó kọ́ èkíní ní ìwé èkejì. Mátírónì kọ "bátìrì" lásán, kò kọ iye oògùn tó ń ṣòfò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akápò rí iye owó bátìrì, kò sí ohun kankan lójú ìwé tó lè bi í pé èló ni àìrà rẹ̀ ń gbà.

Ilé ìwòsàn ńlá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní March 2024, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná IBEDC gé iná UCH Ìbàdàn nítorí gbèsè. Ó tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kí iná tó padà ní February 2025. UCH nìyẹn o, tí wọ́n ṣí ní 1957, tí gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire ń gbé aláìsàn wọn lọ. Nọ́ńbà ni gbèsè iná nínú ìwé akáǹtì. Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, òkùnkùn ni.

Ìjọba ti kéde pé owó oṣù mẹ́ta náà yóò gòkè sí láàárín ₦600,000 sí ₦800,000 fún ilé ìlera kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó bíi ₦6,600 sí ₦8,800 lójúmọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n fíríìjì tó ń ba oògùn ₦3,305 jẹ́ yóò ba ti ₦8,800 jẹ́, bí ẹni tó ń ra oògùn àti ẹni tó ń lò ó kò bá jọ wo ìwé.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀sán

Alága dé láti ibi ìrun Àìlà. Ìyálọ́jà ti jókòó, aṣojú àwọn ọ̀dọ́ ti jókòó, pásítọ̀ kan náà wà níbẹ̀. Wọ́n fi àdúrà ṣí ìpàdé lọ́nà méjèèjì.

Kí aráàlú jókòó lé owó ilé ìwòsàn lórí kì í ṣe ohun tuntun ní apá wa yìí. Ní Pahou, lọ́nà Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ti dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980: aláìsàn san díẹ̀ fún oògùn, ìgbìmọ̀ ìlú pa owó náà mọ́, wọ́n fi ra oògùn mìíràn. Ní September 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ sí Bamako pẹ̀lú UNICEF àti àjọ ìlera àgbáyé, wọ́n sì sọ ọ́ di ètò. Olíkóyè Ransome-Kuti ni mínísítà ìlera Nàìjíríà nígbà yẹn, òun ló sì fi ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe òpó iṣẹ́ rẹ̀. Ètò yẹn gbé oògùn padà sórí pẹpẹ ní ibi púpọ̀, ó sì ti ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìdí rèé tí òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 fi ní kí wọ́n yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Ọdún 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Nínú rẹ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ń gba ọ̀nà àjọ tó ń rí sí ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá sí irú ilé báyìí, ìdá 48.75 ń gba ọ̀nà ìṣètò ìlera adójútòfò fún àwọn tí kò ní.

Ìyálọ́jà fẹ́ kí wọ́n tún ilé ìyàgbẹ́ ṣe. Aṣojú ọ̀dọ́ ní kí wọ́n kun ilé náà, ó ní ojú ń ti òun nígbà tí àwọn ará Abidjan bá ya fọ́tò rẹ̀. Mátírónì bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀: bátìrì, rọ́bà ìgbẹ̀jẹ̀, owó mọ́tò fún ìyá tó bá yẹ kó lọ sí Èjìgbò.

"Kí ni rọ́bà ìgbẹ̀jẹ̀?" ni alága bèèrè.

Ó mú ọ̀kan ṣoṣo tó kù jáde láti inú àpótí, èyí tí wọ́n fún un níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́. Rọ́bà funfun ni, wọ́n ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí ìyá lẹ́yìn ìbímọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àpò ṣóńṣó, wọ́n fa ìlà nọ́ńbà sí i lára. Ó ní pẹ̀lú ojú lásán, agbẹ̀bí máa ń rò pé ẹ̀jẹ̀ kéré ju bó ṣe wà lọ. Ìlà kò ní parọ́. Ó sọ fún wọn nípa ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n gbé jáde ní 2023: ilé ìwòsàn 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania, ìyá tó lé ní 210,000. Níbi tí wọ́n ti lo rọ́bà yìí, tí wọ́n sì fún ìyá ní ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àgbákò ẹ̀jẹ̀ yíya tó le fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Wọ́n yíjú sí akápò, wọ́n retí pé yóò sọ pé kò sówó.

"Bátìrì ni mo fọwọ́ sí," ni Tíṣà wí. "Oògùn mẹ́jọ la da nù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

Ó ṣí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tò wọ́n síwájú alága.

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú

Àlàyé náà kò parí. Ọmọdékùnrin kan sáré wọlé: ìyá Abidjan ti ń rọbí, omi ti dà. Mátírónì gbé rọ́bà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí yàrá ìrọbí.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọmọ ké. Obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì fún ìyá ní abẹ́rẹ́ láti inú kúlà, wọ́n tẹ́ rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Ibi ọmọ jáde. Ẹ̀jẹ̀ kan ìlà 300, ó ń gòkè.

Mátírónì kò dúró kí ó dé 500, ìlà ewu. Ẹ̀jẹ̀ ti ya obìnrin yìí rí. Ó ń fi ọwọ́ kan pa ilé-ọmọ mọ́ra láti òkè ikùn, ó ń fi ẹnu pàṣẹ: "Oxytocin kún un. Tranexamic acid, ẹ rọra fún un. Ẹ so omi sí i lára." Tranexamic acid ní wákàtí tirẹ̀: láàárín wákàtí mẹ́ta tí ìyá bímọ ló wúlò. Wọ́n rí i pé ilé-ọmọ ti ń le, ẹ̀jẹ̀ ti dín, ṣùgbọ́n kò tíì dá pátápátá. Ìlà 500 ti rì. Mátírónì yẹ ibi ọmọ wò lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, ó rí ibi tí etí rẹ̀ ti já.

"Èjìgbò," ló wí.

Níta, akápò ti pe awakọ̀. Wọn kò nílò ìpàdé: ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò ní oṣù mẹ́ta tó kọjá pé owó díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ fún mọ́tò pàjáwìrì, kí ẹni tó bá wà nílẹ̀ ná an, kí ó sì mú ìwé wá lọ́jọ́ kejì. Akápò ló tako ètò yẹn jù nígbà náà. Òun ló ka owó sí awakọ̀ lọ́wọ́ báyìí, ó ní kó má wulẹ̀ fún òun ní ṣéńjì, kó ṣáà tètè máa lọ.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èjìgbò, wọ́n gbé obìnrin náà kọjá fèrèsé ìsanwó lọ tààrà sí yàrá. Kì í rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ó pọ̀ ní Nàìjíríà, ibi tí dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́ tán tí akáǹtì ṣì ń bèèrè owó àsansílẹ̀, tí ẹbí ń sáré wá ẹni tí yóò yá wọn. Abala 20 òfin ìlera 2014 sì ti sọ ọ́: kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000, tàbí kó fẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ jura, tàbí méjèèjì. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlera ìpìlẹ̀ yẹn náà wà fún pàjáwìrì.

Òfin nìkan kò tó láti ṣí fèrèsé. Ẹni tó jókòó síbẹ̀, wọ́n ń bi í léèrè iye tó pa lóòjọ́, wọn kì í bi í léèrè iye ìyá tó yè. Ibi tí ọ̀gá dókítà àti ọ̀gá akáǹtì bá ti jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya kò ní san kóbọ̀ kó tó wọlé, tí wọ́n jọ pinnu ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá, akọ̀wé fèrèsé kò ní láti yan láàárín iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀mí ọlọ́mọ.

Aago mẹ́fà ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìrọ̀lẹ́

Mátírónì padà dé. Àwọn ìgbìmọ̀ kò tíì lọ. Ìyálọ́jà ti ra búrẹ́dì àti omi tútù fún wọn. Wọ́n bi í. Ó ní dókítà yọ ègé ibi ọmọ tó kù nínú, ẹ̀jẹ̀ ti dá, ìyá ti mu tíì.

"Ẹ kú ewu," ni gbogbo wọn wí.

Alága ní kí Tíṣà parí àlàyé ọ̀sán. Kò ní àlàyé púpọ̀ mọ́. Ìṣòro tó kù ni pé owó kò tó. Bátìrì nìkan yóò jẹ ju ìdajì owó oṣù mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá rà á, kíkun ilé kò sí, ilé ìyàgbẹ́ kò sí, owó ọdẹ yóò sì ku ti oṣù kan. Aṣojú ọ̀dọ́ kò dùn, ó sì sọ ọ́. Alága ní òun yóò bá àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Abidjan sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ àwọn ló ń ya fọ́tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lórí owó ọdẹ, wọn kò rí ojútùú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó kù.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Mátírónì fọwọ́ sí ìwé ètò ìnáwó: bátìrì, rọ́bà ìgbẹ̀jẹ̀, owó mọ́tò, oògùn. Alága fọwọ́ sí i. Akápò kò tíì jẹ́ kí wọ́n dìde. Ó fi rúlà fa ìlà tuntun sínú ìwé owó, ó kọ "oògùn tó bàjẹ́" sí òkè rẹ̀, ó kọ 8 sí abẹ́, ó kọ iye owó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí ìwé náà sí Mátírónì kó fọwọ́ sí i.

Mátírónì wò ó. "Tíṣà, ẹ óò tún fi èyí bi mí léèrè lóṣù tó ń bọ̀?"

"Mo máa bi yín. Ẹ̀yin náà, ẹ bi mí léèrè bátìrì."

Ó fọwọ́ sí i. Wọ́n ya àádọ́ta ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, tí àwọn méjèèjì yóò jọ ka ìwé ìbímọ, ìwé fíríìjì àti ìwé owó pọ̀, kí alága tó pe ìpàdé kankan.